Ṣé sáìlẹ́ńsà tuntun lè fi agbára kún ọkọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Corolla 2005 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8. Ó ti ń lọ́ra láti gbéra. Wẹ́dà kan ní òun á yọ kátálísì (ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lábẹ́ ọkọ̀) dànù, òun á fi páìpù ínǹsì mẹ́ta àti sáìlẹ́ńsà aláriwo sí i, pé 30 hp (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) ló máa kún un. Ṣé òótọ́ ni?
Olùkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Nǹkan bí 130 hp ni ẹ́ńjìnnì yín ní láti ilé iṣẹ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ páìpù láti ẹ̀yìn kátálísì dé ìdí ọkọ̀, ohun tó ń kún un kì í sábà ju 2 sí 5 hp lọ, orí eré àsápajúdé nìkan ló sì ti ń hàn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ariwo ló ń tan etí jẹ pé ọkọ̀ ti le sí i.

Ínǹsì mẹ́ta ti fẹ̀ jù fún 1.8. Èéfín tó ń yọ ṣùù nínú páìpù tó wọ̀n ló ń fa èyí tó tẹ̀lé e jáde. Tí páìpù bá fẹ̀ jù, eré èéfín á dín kù, ọkọ̀ á sì túbọ̀ wúwo láti gbéra. Ti ọkọ̀ onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) yàtọ̀: páìpù tó tẹ̀lé tọ́bò, pẹ̀lú àtúntò kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lè fi agbára gidi kún un.

Tí wọ́n bá yọ kátálísì, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, tó ń yẹ èéfín wò lẹ́yìn kátálísì, á mọ̀, iná check engine á tàn, kóòdù P0420, tó ń sọ pé kátálísì ò ṣiṣẹ́ dáadáa, á jáde. Àwọn irin iyebíye platinum, palladium àti rhodium wà nínú kátálísì, owó ńlá ni. Ẹ má fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lílọ́ra tí ẹ sọ yẹn ló yẹ ká wá ìdí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí kátálísì ti dí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí mẹkáníìkì fi sípánà 22 tú sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó wà ṣáájú kátálísì, kó de géèjì ìfúnpá sí ihò rẹ̀, kó tanná sí ọkọ̀. Tó bá gbé e dé 2,500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) tí géèjì sì ju 3 psi (ìwọ̀n ìfúnpá) lọ, ó ti dí. Ẹ má tíì ra òmíràn o! Plọ́ọ̀gì tó ń tàsé tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì ló máa ń dí i, tuntun náà á sì dí tí ẹ ò bá kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ẹ tún wo ibi tí páìpù ti so mọ́ra lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá rí èédú dúdú lẹ́bàá gásíkẹ́ẹ̀tì, tó sì ń dún ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́ láàárọ̀, ó ń jò. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé á ṣi sẹ́ńsọ̀ lọ́nà, kọ̀ǹpútà á máa da epo kún epo. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ sì lè wọ inú ọkọ̀; gáàsì carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí i. Tó bá gba pé kí wẹ́dà jó páìpù náà pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù kúrò lórí bátìrì, kí iná má baà ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.