Agbaṣẹ́ṣe wo lẹ máa gbé ilé fún?
Àǹtí wa ní Sùúrùlérè, ẹ ní agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ti wá wo ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀, pé ẹ fẹ́ tún balùwẹ̀ òkè àti ilé ìdáná ṣe, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù sì ní kẹ́ ẹ san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Ẹ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú yín lọ síbi tó ti ṣiṣẹ́ ní èṣí. Gbogbo iṣẹ́ tuntun ló ń dán. Èyí tí òjò ti rọ̀ lé lórí ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wo abẹ́ fèrèsé, ẹ wo silíǹ tó wà lábẹ́ balùwẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe ò sí nítòsí: nígbà tí nǹkan bà jẹ́, ṣé ó padà wá? Ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Ní ti balùwẹ̀ òkè, ojú mi rí màbo ní Èbúté Mẹ́tta. Ọkùnrin tó gbaṣẹ́ náà mú ọ̀gá onítáìlì wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ iṣẹ́ nìkan là ń rí. Wọ́n lẹ táìlì láìdán omi wò. Kò pẹ́ tí silíǹ pálọ̀ ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, iná ibẹ̀ sì kú. Gbogbo táìlì yẹn la hú. Bíríkìlà àgbà tó wá tún un ṣe ló kọ́ wa pé kí wọ́n tó lẹ táìlì, kí wọ́n dí ihò omi, kí wọ́n da omi sí ilẹ̀ balùwẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, kí wọ́n wá lọ wo silíǹ ìsàlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá ní ó ń fi àkókò ṣòfò, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ fúnra yín ra ọjà. Ẹ mú púlọ́ńbà dání lọ sí Odùnadé, ọjà ohun èlò ilé kíkọ́ tó wà l'Órílé. Owó iṣẹ́ nìkan lẹ óò máa san, díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ sì di ìyókù mú títí ẹ ó fi lo balùwẹ̀ náà fún bí oṣù kan.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ni ògiri ilé ìdáná tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ wó kó lè fẹ̀. Nínú ilé àtijọ́, irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òun ló gbé àjà òkè dúró, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí, kó wò ó, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kẹ́nikẹ́ni tó gbé òòlù. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní kò pọndandan, òun kọ́ ni kẹ́ ẹ mú.

Nọ́ńbà bíríkìlà yẹn wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wá wò ó fún yín.