Ọjọ́ méjì ní Bergen

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìnàjò o. Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè fi ọjọ́ méjì wò ní Bergen, ní Nọ́wè, bí òjò bá ń rọ̀. Ẹ má dúró dè é kó dá. Ó ń rọ̀ níbẹ̀ ju 200 ọjọ́ lọ lọ́dún. Bryggen ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, àwọn ilé onípákó etí omi tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn iná 1702. Ẹ má kàn ya fọ́tò níwájú wọn, ẹ wọ àárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ló dùn ún wò. Tí ìkúùkù bá ṣí lórí òkè Fløyen, ẹ pa gbogbo nǹkan tì, kí ẹ wọ Fløibanen, ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè náà, gòkè kíá. Aṣọ òjò ni kí ẹ mú dání, afẹ́fẹ́ lè yí agbòjò padà.