Gbòǹgbò àgbàdo tí kò jẹ ajílẹ̀ gùn ju ti èyí tó jẹ ẹ́ lọ: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo fa àgbàdo méjì tu lóko mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tí mi ò fi ajílẹ̀ sí rí tín-ín-rín, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju ti èkejì lọ. Àbí ajílẹ̀ ló ń ba gbòǹgbò jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ajílẹ̀ kọ́ o, ebi ni. Àgbàdo tí ebi ń pa kì í fi ìwọ̀nba agbára tó ní yọ ewé, gbòǹgbò ló ń fi í ta, kó lè rí oúnjẹ. Ẹ má tìtorí pé gbòǹgbò gùn sọ pé ara rẹ̀ le.

Èròjà tó bá wọ́n nínú ilẹ̀ ló ń pinnu ibi tí gbòǹgbò máa gbà. Omi òjò máa ń gbé náítírójìnì, ọ̀kan lára oúnjẹ irúgbìn, lọ sísàlẹ̀. Bó bá wọ́n, gbòǹgbò tó máa yọ ò ní pọ̀, àmọ́ àwọn tó yọ á gùn, wọ́n á sì rì wọlẹ̀ dáadáa. Ó jọ pé ohun tí ẹ rí nìyẹn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tóun náà jẹ́ oúnjẹ irúgbìn, kì í fẹ́ẹ́ kúrò lójú kan, òkè ilẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ sí. Bí ìyẹn ló bá wọ́n, irun wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò á gùn, á sì pọ̀ sí i. Ẹ tún wo ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo kékeré: bí etí rẹ̀ bá ń pa àwọ̀ àlùkò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ máa da ajílẹ̀ sí ló jẹ mí lógún jù. Lọ́dún 1975, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Malcolm Drew, tẹ̀ ẹ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí òun ṣe fún apá kan gbòǹgbò ọkà bálì ní náítírójìnì tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, apá yẹn gan-an ni ẹ̀ka gbòǹgbò ti ya yọ. Potásíọ̀mù ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fọ́n NPK, ìyẹn ajílẹ̀ tó ní èròjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, káàkiri orí ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kó jìnnà tó ìka mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bó bá kan ìdí àgbàdo, á jó o.

Bí ẹ bá gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀, ẹ má da yúríà, ìyẹn ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìnì, púpọ̀ jù síbẹ̀. Ẹ̀wà tó bá rí náítírójìnì tó pọ̀ nínú ilẹ̀ kì í ta kókó púpọ̀ sí gbòǹgbò mọ́, bẹ́ẹ̀ kókó yẹn ló fi ń rí náítírójìnì látinú afẹ́fẹ́. Ẹ la ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́.