Gìrì mú mi lọ́jọ́ karùn-ún tí mo bímọ: kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí?

Ìbéèrè

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, Àjàṣẹ́-Ìpo ni mò ń gbé. Nígbà tí mo bí Farouq ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo bí i wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì dá wa sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bíi kí wọ́n máa fi ọmọ odó gún un. Mo padà lọ síbi tí mo bí i sí, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àìsùn ni, pé ìyá ọmọ tuntun wo ni orí kì í fọ́? Ó fún mi ní parasitámọ́ọ̀. Ìyá ọkọ mi ní òtútù ló wọ̀ mí lórí. Lọ́jọ́ karùn-ún, n kò mọ nǹkan kan mọ́, àfìgbà tí mo lajú ní ọsibítù kan ní Ìlọrin. Wọ́n ní gìrì ló mú mi, pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 170/110.

Oyún mìíràn ti wà lára mi báyìí, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Àbúrò mi tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, sọ pé lọ́dọ̀ tàwọn náà, àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá ìkúnlẹ̀ lọ jù, pé wọn kì í fetí sí wa. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀ ni? Àti pé kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi gbọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí? Ìyá Farouq.

Ìdáhùn

Ìyá Farouq, ẹ kú oríire. "Ẹ kú ewu ọmọ" la máa ń kí ẹni tó bá bímọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé bí ọmọ bá ti ké, ewu ti kọjá nìyẹn. Tiyín dé lẹ́yìn tí ọmọ ti ké, nígbà tí gbogbo ojú ti kúrò lára yín, tí wọ́n ń wá àgbò súná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, níbì kan tí n kò ní dárúkọ, obìnrin kan tó bímọ lánàá wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wú. Ìyẹn ló tàn mí. Mo ní, "Ẹ lọ jókòó, ó ń bọ̀ wá kàn yín." Ó lé ní wákàtí kan kó tó kàn án, 180/120 ni mo bá lára rẹ̀. A sáré, a súré, Ọlọ́run ṣàánú, ó yè é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ojú nọ́ọ̀sì kò lè rí ẹ̀jẹ̀ ríru, bó ti wù kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó. Ẹ̀rọ ló ń rí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu pé ká gbà yín gbọ́. Ẹ ní ká wọ̀n yín. Ẹni tó bá ní ẹ ń ṣàròyé jù kò lè bá nọ́ńbà jiyàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oyún ń fà ni ohun tó ṣe yín. Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibi ọmọ ni gbòǹgbò rẹ̀: bí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbòòrò láti bọ́ ibi náà kò bá gbòòrò tó, ibi á máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn èròjà yìí á sì máa ba òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ káàkiri, ní kíndìnrín, ní ẹ̀dọ̀, ní ọpọlọ. Bí ìfúnpá bá ti di 140/90, a ti gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Bó bá di 160/110, a ò jókòó mọ́. Bó bá ti dé ọpọlọ, gìrì nìyẹn. Kì í ṣe wárápá, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé, òtútù orí kọ́. Kí ọmọ àti ibi jáde ni ìwòsàn rẹ̀, àmọ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí ni ìfúnpá sábà máa ń ga jù, àrùn náà sì lè yọjú títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ rí i pé ọjọ́ karùn-ún yín kì í ṣe àràmàǹdà.

Ṣé á tún padà wá? Nínú obìnrin mẹ́fà tó ti ní in rí, nǹkan bí ẹnì kan ló máa ń padà bá. Márùn-ún ń lọ láìséwu. Ṣùgbọ́n a kì í mọ ẹni tí í ṣe ẹ̀kẹfà, torí náà gbogbo wọn la máa ń ṣọ́.

Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, àkọsílẹ̀ CDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ará ìlú níbẹ̀, fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí àwọn aláwọ̀ dúdú bí láàyè, ìyá bíi 50 ló kú. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, wọn kò pé 15. Owó àti òkìkí gan-an kì í gba èèyàn níbẹ̀. Serena Williams, ìlúmọ̀ọ́ká agbá tẹ́níìsì, bímọ lọ́dún 2017, ó sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun máa ń dì. Lọ́jọ́ kejì, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́, ó sọ orúkọ àyẹ̀wò tó fẹ́, ó sọ orúkọ oògùn tó fẹ́. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á lọ́kàn rú. Kò yé tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò nígbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n bá níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ wa kọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ tó yẹ irú ikú bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tí àjọ CDC kó àbájáde wọn jọ, rí i pé ó lé ní 80 nínú 100 tó ṣeé dènà. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́, níbi tí dókítà ti dúdú, tí nọ́ọ̀sì dúdú, tí aláìsàn náà dúdú? Ìṣirò WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fún ọdún 2023 ni pé ìyá 993 ló ń kú nínú 100,000 ìbí. Àìtètè dé ọsibítù wà níbẹ̀, àìsí ẹ̀jẹ̀ àti oògùn wà níbẹ̀, àìlówó lọ́wọ́ wà níbẹ̀, "ó ń bọ̀ wá kàn yín" tèmi náà wà níbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀sẹ̀ kọkànlá! Inú mi dùn pé ẹ kò dúró títí ikùn fi yọ. Aspirin kékeré wà, miligíráàmù 75 sí 150, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejìlá fún irú yín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún tó kọjá, ó ń dín ewu náà kù. Kì í ṣe ti 300 tí wọ́n ń tà fún ẹ̀fọ́rí o, ẹ má sì dá a rà fúnra yín. Ẹ wá dókítà lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ pé gìrì mú yín rí, ẹ béèrè aspirin. Bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée, ẹ sọ ọ́.

Ìkejì ni kálísíọ̀mù. Fún àwa tí oúnjẹ wa kò ní in tó, WHO ní kí aboyún máa lo gíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì lójúmọ́, kó pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ń fún ni lẹ́jẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru), ẹ jẹ́ kí wákàtí díẹ̀ wà láàárín wọn, torí ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì wọ ara dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní wàrà Ìlọrin ńkọ́? Wàrà dára, kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń rún teegun-teegun náà dára. Ẹ jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n wàrà mélòó lèèyàn á jẹ lójúmọ́ kó tó pé gíráàmù kan ààbọ̀? Èyí tó bá sì ti wà nínú omi rẹ̀ látàárọ̀ nínú oòrùn ọjà Ìpàtà, ẹ tún un sè tàbí kẹ́ ẹ dín in kẹ́ ẹ tó fi kan ẹnu.

Ohun tí kì í dènà àrùn yìí ni kéèyàn máa jẹ ọbẹ̀ àtẹ́, tàbí kó sùn sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ ó kàn máa fìyà jẹ ara yín ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá yín tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn kan nínú wọn, bíi lisinopril, lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Èyí tó bá aboyún mu wà, a ó fún yín bó bá tó àsìkò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí wíwọ̀n náà, torí ibẹ̀ la ti ń yẹ̀ ẹ́ jù. Kí wọ́n tó wọ̀n yín, ẹ ti tọ̀, ẹ ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ ká apá aṣọ sókè, kì í ṣe lórí híjáàbù là ń wọ̀n ọ́n. Kí apá yín wà lórí tábìlì, kó bá àyà dọ́gba, kẹ́ ẹ má sì máa dáhùn "ẹ káàárọ̀" gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bí apá yín bá tóbi, ẹ béèrè aṣọ ẹ̀rọ tó fẹ̀, torí èyí tó há máa ń parọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè: "Mélòó ni? Mélòó ló jẹ́ lọ́jọ́sí?" Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín, yàtọ̀ sí káàdì tọsibítù. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Bí agbára bá ká a, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọ̀n lápá òkè, kì í ṣe tọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e wá sí kíníìkì ká fi ti wa dán an wò.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ nìyí, ẹ kọ́ ọ sórí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni mí. Gìrì mú mi lẹ́yìn ìbí àkọ́kọ́, ìfúnpá mi jẹ́ 170/110. Orí ti ń fọ́ mi láti àná, parasitámọ́ọ̀ kò dá a dúró. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n báyìí." Ó parí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bí ẹ kò ṣe sùn àti bí ọmọ kò ṣe mu ọyàn, àìsùn yẹn la máa gbá mú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú káàdì mi pé mo wá, mo sọ báyìí, a ò wọ̀n ọ́n." Èmi tí mo ti wà nídìí tábìlì yẹn ń sọ fún yín, kò sí nọ́ọ̀sì tó máa fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀. Á wá ẹ̀rọ. Kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání, torí ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú kò lè máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀.

Níbi tí ẹ bá fẹ́ bímọ sí, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀: "Ṣé abẹ́rẹ́ magnésíọ̀mù wà níbí?" Lọ́dún 2002, ìwádìí kan tó kó obìnrin tó lé ní 10,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 33 fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín gìrì kù tó ìdajì. Láti Àjàṣẹ́, ẹ ó la ìgboro Ìlọrin já látọwọ́ Gáréèjì Ọ̀fà kẹ́ ẹ tó dé ọsibítù yunifásítì lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ẹ sì mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó wà láàárín. Ọsibítù jẹ́nẹ́rà tó bá sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí bí nǹkan bá le, kí wọ́n gún yín ní ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó máa bọ̀. Ẹ ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí owó ọkọ̀ sì wà lọ́tọ̀, kì í ṣe nínú owó àgbò.

Lẹ́yìn ìbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín sílẹ̀ kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún. Kí wọ́n tún wọ̀n yín lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, lẹ́yìn náà, lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ súná, ẹ jẹ́ ká wọ̀n yín kí àwọn àlùfáà tó jókòó.

Ó ku ìyá ọkọ yín. Ẹ kò bi mí nípa wọn tààrà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ẹ má bá wọn jà lórí òtútù. Àwọn ló máa wà lọ́dọ̀ yín lóru tí gbogbo ilé bá sùn, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ fi nǹkan mẹ́rin hàn wọ́n: ẹ̀fọ́rí tí kò gbóògùn, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí ìràwọ̀, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, èémí tí kò délẹ̀. Ojú àti ọwọ́ tó ṣàdédé wú náà, ẹ fi kún un. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, kí wọ́n pe awakọ̀, kí wọ́n má pe ẹlẹ́gbòogi. Ẹ mú wọn dání wá sí kíníìkì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, kí nọ́ọ̀sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Kí wọ́n sì wọ̀n ìfúnpá tiwọn náà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì wọ̀n ọ́n rí.