Kí ló dé tí ọ̀dọ́ àgùntàn fi ń kúnlẹ̀ mu ọmú?

Àbúrò mi kan béèrè ìtumọ̀ òwe àwọn ará Ṣáínà tó ní ọ̀dọ́ àgùntàn a máa kúnlẹ̀ mu ọmú, kannakánná a sì máa wá oúnjẹ padà fún ìyá tó bọ́ ọ. Kí n tó lanu, ẹnì kan ti sáré dáhùn. Ó ní gbèsè ni òwe náà ń sọ, pé lójú ará Ṣáínà, ọmọ dà bí owó téèyàn yáni, tó ń retí èlé lórí rẹ̀. Ó bí mi nínú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ra aṣọ ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo.

Òwe mìíràn ló pò mọ́ èyí, ìyẹn èyí tó ní kéèyàn tọ́ ọmọ de ogbó, kó sì kó ọkà pamọ́ de ìyàn. Ìyẹn ní ìṣirò nínú lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ta ló ti sin àgùntàn rí nínú yín? Ìyá ìyá mi sìn ín lẹ́yìnkùlé, mo sì máa ń jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ láti wò wọ́n. Bí ọmọ àgùntàn bá ti ga díẹ̀, tí abẹ́ ìyá rẹ̀ kò gbà á mọ́, á ká orúnkún iwájú méjèèjì, á kúnlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè bá ọmú. Ohun tí ojú àwọn ará Ṣáínà rí nìyẹn. Àgùntàn ò kí ẹnikẹ́ni o, ebi ló ń pa á. Èèyàn ló wò ó tó rí ìkíni níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi so ẹranko àti ẹyẹ pọ̀? Èrò tèmi rèé, ẹ ò sì lè yí i lórí mi: ọ̀kan kò tó. Kannakánná gbé oúnjẹ wá, àgùntàn kúnlẹ̀. Oúnjẹ rèé, ọ̀wọ̀ rèé. Confucius, ọlọ́gbọ́n wọn ayé àtijọ́, ti bá àwọn ọmọ ayé ìgbà tirẹ̀ wí lórí èyí ní bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ó ní wọ́n ń pe bíbọ́ òbí ní ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń bọ́ ajá àti ẹṣin náà. Bí kò bá sí ọ̀wọ̀, kí wá ni ìyàtọ̀? Àmì tí wọ́n fi ń kọ xiao, ọ̀rọ̀ wọn fún ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe fún òbí rẹ̀ yìí, arúgbó ló wà lókè, ọmọ wà nísàlẹ̀, àfi bíi pé ó pọ̀n ọ́n.

Mo lọ síbi ìgbéyàwó wọn kan. Ọkọ àti ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, àgùntàn àti kannakánná ló pàdé nínú yàrá kan yìí.

Ti kannakánná kò ṣàjèjì sí wa. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Orúnkún ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ ọmọ tó ń ṣorí kunkun. Òwe tiwọn wò ó láti ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ ti ń mu ọmú. Mo ti ro ó títí, mi ò tíì rí ibòmíràn tí ìyàtọ̀ àwa àti wọn ti hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń jókòó sínú mọ́tò na ọwọ́ sí ìyá yín láti ojú fèrèsé, mo ń wò yín.

Òwe wọn mìíràn tó ní igi fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, atẹ́gùn ò gbà, ọmọ fẹ́ tọ́jú òbí, òbí ò dúró dè é, kò nílò àlàyé. Wọ́n sì tún ní èyí tó korò: àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í jẹ́ kí ọmọ rere kù lẹ́bàá ibùsùn. Wọ́n mọ ara wọn. Láti oṣù keje ọdún 2013 ni òfin wọn ti kà á sí dandan pé kí ọmọ tí kò bá òbí gbé máa yọjú sí wọn lóòrèkóòrè. Ohun tó ti di ọ̀rọ̀ òfin, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é.

Ìyá arúgbó kan tó ń ta búrẹ́dì elẹ́ran nísàlẹ̀ ilé tí mo gbé ló kọ́kọ́ pa òwe yìí fún mi. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ìlú Shenzhen, ọdún tuntun nìkan ló ń wálé. Bó ṣe ń ṣàlàyé lọ́wọ́, fóònù rẹ̀ dún: owó oṣù ti wọlé láti ọ̀dọ̀ ọmọ. Ó na fóònù náà sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kannakánná ti dé. Àgùntàn ni mi ò tíì rí." Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀, mo bá ra búrẹ́dì méjì.