Èsì: Máíkì wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ohùn nílé?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ má tíì ra condenser tí ẹ béèrè yẹn, irú máíkì tó máa ń gbé ìró kékeré pàápàá. Máíkì dynamic, irú tí etí rẹ̀ kò fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó ní USB tó ń wọ kọ̀ǹpútà tààrà, bíi Samson Q2U, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé yàrá yín ní Ìkòròdú kọjú sí títì, pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lábẹ́ fèrèsé. Gbogbo ẹ̀ ni condenser máa gbé, títí dórí àkùkọ. Dynamic kì í gbé ariwo òkèèrè tó bẹ́ẹ̀, bí ẹnu yín bá ṣáà sún mọ́ ọn, bí ìka mẹ́rin báyìí. Ká ní yàrá yín dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Q2U ní ojú XLR náà, ìyẹn ojú wáyà máíkì àwọn stúdíò, ẹ ò ní jù ú nù lọ́jọ́ tí ẹ bá ra audio interface, ẹ̀rọ tó ń so irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà.

Fóòmù ara ògiri ńkọ́? Ẹ fowó yín pamọ́. Ìró tó ń ta padà nínú yàrá ló ń pa, kì í dá jẹnẹrétọ̀ dúró. Àárín aṣọ tí mo fi kọ́ lèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ohùn mọ́.

Ọ̀fẹ́ ni Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ máa fi gba ohùn sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ohùn yín kọjá -6 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn inú rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà laptop kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kùn nígbà míì. Bí òjò bá ti ń lu páànù, ẹ kúkú lọ sùn.