Ọ̀rá Tó Há Sínú Ike Ìdọ̀tí, àti Àwọn Ìbéèrè Yín Mìíràn

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀rá ìdọ̀tí ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín. Àṣé ọ̀rọ̀ náà ti ń bí yín nínú tipẹ́, ẹ kàn ń mú un mọ́ra ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tí ìyà náà jẹ jù.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Oúnjẹ ni mo ń tà ní Ajílósùn, l'Ádó-Èkìtì. Ike ọ̀dà ńlá méjì ni mo fi ń da ìdọ̀tí sí, ọ̀kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́. Bí a bá fẹ́ yọ ọ̀rá tó ti kún, ńṣe ló máa ń há. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á fi ẹsẹ̀ tẹ ike mọ́lẹ̀, á máa fà á, kí a tó mọ̀, ọ̀rá ti ya, omi ọbẹ̀ ti dà sílẹ̀. Bí a bá tún fẹ́ fi tuntun sí i, ọ̀rá á wú sókè, kò ní délẹ̀. Ṣé ọ̀rá tí mò ń rà ni kò dáa, àbí kí n wá owó ra ike tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣí?*
— Olóúnjẹ, Ajílósùn

Màmá olóúnjẹ, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ooru iná. Ẹ fi owó yín sápò ná. Ike tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣí dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, àmọ́ bí ọ̀rá ṣe ń há nínú ike ọ̀dà náà ló ṣe máa há nínú rẹ̀.

Ọ̀rá yín kò ṣẹ̀ yín. Atẹ́gùn ló ń bá yín fà á. Nígbà tí ọmọ yín bá ń ti ọ̀rá tuntun bọ inú ike, atẹ́gùn ti wà níbẹ̀ kó tó débẹ̀. Ọ̀rá ti bo ẹnu ike, atẹ́gùn ò ríbi jáde, ló bá gbé ọ̀rá wú. Bí ìdọ̀tí bá wá ń pọ̀ sí i, ìwúwo rẹ̀ á lé atẹ́gùn yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá á sì lẹ̀ mọ́ ara ike pinpin. Ọjọ́ tí ẹ bá wá ní kí ẹ fà á sókè, ààyè fẹ́ ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí atẹ́gùn tó máa wọlé lọ dí ààyè náà. Èyí tó wà lókè á wá máa tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: lórí ibi tí kò ju èékánná ọwọ́ lọ, agbára tí atẹ́gùn fi ń tẹ nǹkan tó ìwúwo kílò 1. Kò ní fi gbogbo agbára yẹn tẹ ọ̀rá yín, torí díẹ̀ á ṣì máa yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kù ti tó láti fa ọ̀rá ya.

Ihò ni oògùn rẹ̀. Ẹ wá ìṣó oní-ínǹṣì 4, ẹ fi pílásì dì í mú, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú iná èédú títí yóò fi gbóná dáadáa. Ẹ gbé ike náà síta gbangba kí èéfín má baà wọ̀ yín nímú, kí ẹ wá fi ìṣó náà gún ara rẹ̀ láti ìta. Ẹ wọn nǹkan bí ìka 3 láti ìdí ike lọ sókè, ibẹ̀ ni kí ẹ lu. Ihò 4 tó, kí wọ́n yí ike ká. Bí ìṣó bá ti wọlé, ẹ yí i po, kí ihò náà fẹ̀ tó ibi tí ìdí bírò lè wọ̀. Nígbà tí ike bá tutù, ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀: ẹ máa fọwọ́ kan etí ihò tó le, tó yọ gọngọ sínú. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò, kó tẹ́jú. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òun náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rá yín.

Àwọn kan máa ń lu ìdí ike gan-an. Fún olóúnjẹ, mi ò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ọ̀rá bá jò, omi ọbẹ̀ á gba ibẹ̀ sun sílẹ̀, èèrà á sì wá láìpè.

Bí ẹ bá ní ike tí kò ṣe é lu, ọgbọ́n mìíràn wà. Nígbà tí mo ṣe olórí àwọn atúnléṣe nílé ìtura kan níbí l'Ádó, àwọn ike olówó ńlá wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa gbà kí n fi ìṣó kàn. Họ́ọ̀sì omi tó ti gbó la gé, gígùn rẹ̀ tó láti ìdí ike dé ẹnu, a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike nínú. Ẹnu rẹ̀ òkè yọ síta díẹ̀, kí ọ̀rá má baà dí i. Inú rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà lọ sísàlẹ̀. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n àlejò kì í wo inú ike ìdọ̀tí.

Èyí tó kù, ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni mo ń bá wí. Kí ó ká ọ̀rá márùn-ún mẹ́fà pẹlẹbẹ, kí ó tò wọ́n sí ìdí ike, kí ó tó fi èyí tí ẹ máa lò sí i lórí. Bí ó bá ti yọ èyí tó kún, òmíràn ti wà níwájú rẹ̀, kò tún ní máa fi ọwọ́ ìdọ̀tí tú dúráwà kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ihò wà ní ìka 3 sókè, kí àwọn ọ̀rá yẹn má baà dí i.

Bí ẹnu ọ̀rá tuntun bá lẹ̀ pọ̀, kò gbọdọ̀ fi itọ́ sọ́wọ́ láti ṣí i. Mo ti fojú ara mi rí ẹnì kan tó ṣe é, ọwọ́ kan náà ló sì fi yí padà bu iyán fún oníbàárà! Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ẹnu ọ̀rá, ó máa là. Kí ó gbọ̀n ọ́n, kí ó yí ẹnu rẹ̀ bo etí ike síta, kí ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Pẹ̀lú ihò yẹn, ẹ máa gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń jáde.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ tẹ́ ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kàn máa yọ tòkè. Ní ọ́fíìsì tí kò ní ju pépà lọ, ó dáa. Ní ilé oúnjẹ, eegun ẹran àti igi ìtayín á gún gbogbo wọn pọ̀, omi á sun sáàárín, kí ẹ tó dé orí ẹ̀kẹta, òórùn ti gba ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èèpo iṣu kọ́ lẹ ń kó sínú ọ̀rá yẹn o? Èkìtì la wà, mo mọ bí iṣu tí ẹ ń gún lóòjọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Èèpo tútù ló ń jẹ́ kí ọ̀rá wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ wá agbọ̀n fún un lọ́tọ̀. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ l'Ádó kò ní jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

*Àǹtí wa, onídìrí ni mí n'Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀rá tèmi kì í há ní tirẹ̀, ńṣe ló ń já bọ́ sínú. Bí mo bá ju irun àfikún tí mo tú kúrò lórí oníbàárà sínú rẹ̀, ọ̀rá á bá a lọ. Kí ni mo lè fi dè é?*
— Onídìrí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó bá sún mọ́ yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún túùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́. Ẹ gé e ní gbọọrọ, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka kan. Ẹ fi yí ẹnu ike ká, ẹ so ó kó kéré díẹ̀ sí ẹnu ike, kí ó lè fún un. Òun ni ẹ ó máa fi dè é lórí ọ̀rá. Kò ní já bọ̀rọ̀, ó sì sàn ju rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń di owó lọ. Bí ẹ kò bá ráyè fọkanáísà, ẹ fa ẹnu ọ̀rá tó ṣẹ́ kù sápá kan lẹ́yìn ike, ẹ ta á ní kókó, ó máa fún mọ́ etí ike. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa tú kókó yẹn ní gbogbo ìgbà, èmi ò sì fẹ́ràn wàhálà.

*Ẹ káàsán, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ọ̀yẹ́. Ṣé mo lè fi àpò ọ̀rá tí wọ́n ń kó píọ̀ wọ́tà sí ṣe ọ̀rá ìdọ̀tí? Mi ò lówó ọ̀rá dúdú.*
— Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

O lè lò ó, ọmọ mi. Píọ̀ wọ́tà 20 ló wà nínú àpò kan, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé omi lítà 10 ni ọ̀rá yẹn ti gbé kó tó dọ́dọ̀ rẹ. Ike kékeré inú yàrá kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni pé kí o yé fi eyín ya á láàárín nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́. Fi sísọ́ọ̀sì gé orí rẹ̀ gbọrọgbọrọ.

*Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi n'Ìkọ̀lé. Wọ́n ní fífi ọ̀rá sínú ike ìdọ̀tí, àṣejù ni, pé nígbà tiwọn, wọ́n á da ìdọ̀tí sí ààtàn, wọ́n á fọ garawa, ó parí. Mà, ẹ bá wa dá sí i.*
— Ọmọ ìyá rẹ̀, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìyá yín jàre díẹ̀. Ọ̀rá ìdọ̀tí kò tíì pẹ́ láyé. Ọ̀gbẹ́ni Harry Wasylyk, ará Winnipeg ní Kánádà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní 1950, òun àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Larry Hansen. Kì í ṣe ilé ìdáná ẹnikẹ́ni ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún, ilé ìwòsàn ńlá Winnipeg ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ìdọ̀tí tí ń jáde nílé ìwòsàn. Ó tó ọdún mélòó kan kó tó dé ilé àwọn èèyàn. Ìdọ̀tí tútù àti èyí tó lè ko àrùn ranni ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá dì í, kì í ṣe fáàrí.

Nítorí náà, bí ìdọ̀tí yàrá ìyá yín bá jẹ́ pépà àti ekuru tí wọ́n gbá, ẹ fi garawa wọn sílẹ̀ láìní ọ̀rá, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ti ilé ìdáná ni kí ẹ fi ọ̀rá sí. Bí ike yẹn kò bá sì tíì níhò lára, ẹ ka ìdáhùn Màmá olóúnjẹ lókè, kí ẹ wá ìṣó.